Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń sáré ju Mallard lọ

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní Manchester kọ̀wé báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kan ojú irin reluwé ìṣeré Hornby mọ́ pátákó kan ní yàrá òkè àjà ilé wa. OO ni ìwọ̀n rẹ̀. Pátákó náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó fẹ̀ ní mẹ́rin. Ojú irin kan ṣoṣo ló yí i po, pẹ̀lú pọ́ìntì méjì (ibi tí ojú irin ti ń yà sí méjì) àti ibùdókọ̀ kékeré kan. Ẹ́ńjìnnì 14xx àti kóòṣì méjì ló ń rìn lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi, ó ní eré tí ọkọ̀ yẹn ń sá kò jọ ti reluwé, ti ọ̀kadà ló jọ. Ni mo bá fi aago wò ó: bí mo bá yí kọ̀ntírólà dé ìdajì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ló fi ń yí pátákó ká. Bí mo bá sì dín eré náà kù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì, á wá kú lórí pọ́ìntì. Ṣé mótò rẹ̀ ni kò dáa ni? Àbí kí n ra DCC, ẹ̀rọ tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ́ńjìnnì lórí irin? Báwo ni mo tilẹ̀ ṣe máa mọ eré tó yẹ kó sá?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ẹ sì kú ìnáwó. Kí n tètè sọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí mótò yín máà ní àrùn kankan. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ìbéèrè yín. Ọ̀kan ni iye eré tí pátákó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ìkejì ni ìdí tí ọkọ̀ fi ń kọ̀ láti rìn jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá tún ìkejì ṣe láì mọ ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ rẹ̀ á kàn máa sá eré asán láì ta gìrì ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yẹn. Nínú OO, mílímítà 4 ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn ni pé ohun gidi tóbi ju tiwa lọ ní ìlọ́po 76.2. Eré náà, iye kan náà la ó fi pín in. Reluwé gidi tó ń sá máìlì 60 ní wákàtí kan ń rin mítà 26.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lórí pátákó yín, ìyẹn di sẹ̀ǹtímítà 35. Láti má ṣe máa pààrọ̀ máìlì sí mítà ní gbogbo ìgbà, nọ́ńbà kan ni kí ẹ há sórí: 170.5. Ẹ wọn ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn ní mítà, ẹ fi 170.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi iye ìṣẹ́jú àáyá pín in. Ohun tó bá jáde ni máìlì ní wákàtí kan. (Ẹni tó bá ń lo ìwọ̀n HO, tó kéré sí OO díẹ̀, 195 ni tirẹ̀, ìwọ̀n N ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, 331.) Tó bá jẹ́ pé kọ́nà radius 2 ni ẹ lò, èyí tí àárín rẹ̀ jìnnà sí ojú irin ní mílímítà 438, tí ẹ sì to irin gígùn mẹ́rin tó jẹ́ mílímítà 335 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo àyíká náà jẹ́ mítà 5.43. Ẹ fi 170.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 6 pín in: máìlì 154 ní wákàtí kan. Mallard, tó gba ipò kìíní lágbàáyé fún eré ẹ́ńjìnnì oníèéfín ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1938, máìlì 126 ló sá, ìyẹn á sì fi bí ìṣẹ́jú àáyá 7.3 yí pátákó yín ká. 14xx yín, ẹ́ńjìnnì kékeré tí iléeṣẹ́ reluwé Great Western bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1932 fún ojú irin abúlé ti ya Mallard sílẹ̀, kọ̀ntírólà sì wà ní ìdajì. Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé níwọ̀n ìgbà tí a ti dín gígùn kù, a gbọ́dọ̀ dín àkókò náà kù. Ẹ má dá wọn lóhùn. Aago ara ògiri ni aago pátákó. Lóòótọ́, àwọn tó ń tẹ̀lé àtẹ ìrìnnà máa ń gbé aago tó ń yára sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, kí wákàtí kan lè parí láàárín ìṣẹ́jú 15, ṣùgbọ́n torí kí ọjọ́ iṣẹ́ kan lè wọ inú ìrọ̀lẹ́ kan ni. Kò kan wíìlì. Ohun tí kò sẹ́ni tó lè dín in kù ni òòfà ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ wa fi ń gbọ̀n wìrìwìrì níbi tí ọkọ̀ gidi ti ń mi díẹ̀díẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré ya sinimá máa yí kámẹ́rà ní eré gíga, kí wọ́n tó wá fi àwòrán náà hàn ní eré lásán. Nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ntírólà náà, ẹ má kà á sí máìlì. Ó kàn ń sọ ibi tí ẹ yí i dé ni. Ẹ́ńjìnnì méjì lè wà ní 40 kí ọ̀kan sì máa sá ìlọ́po méjì èkejì.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní mítà kan sí ojú irin, ó dà bíi pé ẹ wà ní mítà 76 sí reluwé gidi. Bí ẹ bá tẹ orí ba débi tó ku sẹ̀ǹtímítà 30, mítà 23 péré lẹ wà sí i, eré kan náà á sì dà bíi pé ó lé ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí bóyá ọkọ̀ ń yára jù, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n dúró sí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń da ojú rú jù ni pé a ń rí gbogbo ayé ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mítà 5.43 yín, bí a bá sọ ọ́ di ti gidi, mítà 414 ni, ó fi díẹ̀ péré ju ìdá mẹ́rin máìlì lọ. Reluwé tó ń sá máìlì 60 á yí i ká ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Eré náà tọ̀nà lórí ìwé, àmọ́ ọkọ̀ tó ń pa dà kọjá níwájú ènìyàn ní ìgbà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sí ojú tó máa gbà á ní reluwé. Kọ́nà yẹn gan-an, tí a bá sọ ọ́ di gidi, mítà 33 ni láti àárín rẹ̀. Kò sí kóòṣì gidi tó lè gba irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ kọjá, ká má tíì sọ pé á sáré níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe ń dúró ló wá tú àṣírí gbogbo rẹ̀. Ká ní awakọ̀ gidi ń fi sùúrù tẹ bíréèkì, tí eré rẹ̀ ń dín kù ní ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá kọjá. Láti máìlì 60, ó máa gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá 54 àti nǹkan bíi mítà 720 kó tó dúró. Lórí pátákó, mítà 9.4 nìyẹn. Àyíká yín kò ju 5.43 lọ! Ọkọ̀ yín á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí pátákó ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró ní ibùdókọ̀. Láti máìlì 40, mítà 4.2 ni. Láti máìlì 25, mítà 1.64 péré. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá sì ń gba eré díẹ̀díẹ̀ bí ti ojú irin abúlé, ká sọ pé ìdá mẹ́ta mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó nílò nǹkan bíi mítà 2.5 kó tó dé máìlì 25. Ẹ ro ó pọ̀: 2.5 láti gbéra, 1.64 láti dúró, ó ku bí mítà 1.3 tí yóò fi rìn geerege. Ọkọ̀ tó ń dúró ní ibùdókọ̀ yín ní gbogbo ìgbà tó bá yí po, máìlì 25 ni pátákó náà lè gbà tí kò fi ní dà bí eré ọmọdé. Kì í ṣe mótò ló pa á láṣẹ, gígùn ojú irin ni.

Ẹ má sì rò pé ìyà ni máìlì 25. Ojú irin tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Light Railways Act ti ọdún 1896, iye eré tí òfin sábà máa ń gbà wọ́n láyè láti sá nìyẹn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ojú irin àtijọ́ tí àwọn olùfẹ́ reluwé ń tọ́jú ń sá títí di òní. Ẹ́ńjìnnì 14xx àti kóòṣì méjì bá a mu wẹ́kú. Àyíká kan á gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá 37. Mítà kan, 6.8. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń to wágọ́nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, máìlì 5 ni, mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá 34. Á kọ́kọ́ dà bíi pé kò kúrò lójú kan. Ẹ fún un ní ìrọ̀lẹ́ kan, ojú yín á mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí kò dúró ní ibùdókọ̀ rárá, ẹ lè jẹ́ kó dé máìlì 40, ìṣẹ́jú àáyá 23, kó ti inú ihò kan jáde kó sì wọ ihò mìíràn. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ eré Mallard, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 10 lọ́jọ́ Sátidé. Kò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, bí kò bá ti já bọ́ sí ilẹ̀ yàrá.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Ẹ má wọn mítà kan péré, torí ìka tó ń tẹ aago fóònù lè fi ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ṣì í, ìyẹn sì pọ̀ lára ìṣẹ́jú àáyá 2.8 tí mítà kan ń gbà ní máìlì 60. Ẹ fi ìlà ṣọ́ọ̀kì sí ibì kan, ẹ jẹ́ kó yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi mẹ́ta pín in. Kí ó ti rìn fún bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó wọ̀n ọ́ o, nítorí eré mótò tútù yàtọ̀ sí ti èyí tó ti gbóná. Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn fún ẹ́ńjìnnì oníèéfín: ẹ wo ọ̀pá tó so wíìlì ńlá méjèèjì pọ̀. Wíìlì 14xx gidi fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì méjì. Ní máìlì 25, ó ń yí ní ìgbà méjì àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá 4.4. Bí ẹ bá ya fídíò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, tí ẹ wá fi eré díẹ̀díẹ̀ wò ó, ẹ ó lè ka bí ọ̀pá náà ṣe ń lọ sókè tó sì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ní máìlì 5, yíyí kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá méjì àti díẹ̀, ojú lásán tó o kà. Bí ọ̀pá náà bá ti ń dà bí òjìji tí ojú kò rí mú, ẹ ti kọjá ibi tí ẹ ń lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìta gìrì. Ní eré gíga, ẹ́ńjìnnì máa ń fò kọjá ibi tí iná kò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ipá tó wà lára rẹ̀ ti gbé e kọjá kí ẹ tó mọ̀. Ní sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ipá yẹn kò sí mọ́. Ìdọ̀tí tí kò tó nǹkan á dá a dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ fọ ojú irin. Aṣọ tí kò ní òwú tó ń bọ́, isopropyl alcohol díẹ̀, ẹ nu orí irin àti ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí ṣáńpépà: ojú tó bá hà ni ìdọ̀tí tuntun ń sá sí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ìwé ìnuwọ́ ilé ìdáná tí ẹ ti fi alcohol yẹn rin sórí irin, ẹ gbé wíìlì ẹ̀gbẹ́ iwájú lé e, kí ti ẹ̀yìn wà lórí irin tó níná, ẹ di ẹ́ńjìnnì mú, ẹ fún un ní iná díẹ̀. Ìlà dúdú tó máa hàn lórí ìwé á yà yín lẹ́nu. Ẹ yí i pa dà, ẹ ṣe ìyókù. Ẹ wá dojú ẹ́ńjìnnì dé lórí tìmùtìmù, kí ẹ wo àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń fara kan ẹ̀yìn wíìlì. Àwọn ló ń gba iná. Ẹ fi ìka ti wíìlì sọ́tùn-ún, sósì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń fi wíìlì sílẹ̀, ẹ fi twísà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó pa dà kan án. Kí ó máà le jù, torí bíréèkì ló máa dà. Ọ́ìlì ẹ̀rọ tí kò ń jẹ ike, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ mú un, ẹ̀kán kan sí ìdí wíìlì kọ̀ọ̀kan. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dé orí irin, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́.

Pọ́ìntì tí ọkọ̀ ń kú lórí rẹ̀, ó ní ìdí tirẹ̀. Àárín pọ́ìntì Hornby, níbi tí irin méjì ti pàdé, ike ni, iná kò sí níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gígùn á ní wíìlì mìíràn tó ṣì ń gba iná. 14xx kúrú, ó sì lè jẹ́ pé wíìlì mẹ́rin péré ló ń gba iná fún un. Ọ̀nà àbáyọ gidi ni pọ́ìntì tí àárín rẹ̀ jẹ́ irin, bíi Electrofrog ti Peco, ṣùgbọ́n ẹ ó fi ìsopọ̀ oníke sí ẹnu irin méjèèjì tó jáde láti àárín yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á kan ara wọn. Ọ̀gangan yìí náà ni kí ẹ ti yẹ wáyà wò. Wáyà méjì péré tó bá pátákó wá, tí iná wá ń gba inú ìsopọ̀ kékeré láti irin dé irin, kò tó. Ìsopọ̀ yẹn máa ń dẹ̀, ó sì ń dípẹtà. Ẹ fa wáyà méjì tó nípọn sí abẹ́ pátákó yí po, 1.5 mm² ti tó. Ẹ wá fi léèdì jó wáyà tín-ín-rín láti ibẹ̀ mọ́ irin ní bí mítà kan sí mítà kan. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: ẹ wọn àkókò lórí irin títọ́ tó sún mọ́ kọ̀ntírólà, ẹ wọn ti òdìkejì. Ní máìlì 25, mítà 1.34 yẹn (gígùn irin mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ kan) yẹ kó gba ìṣẹ́jú àáyá 9. Bí òdìkejì bá gba 11, fọ́ltì ń sọnù lọ́nà.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ntírólà tó kàn. Ti inú páálí ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fún ìka láyè: ọkọ̀ dúró, ẹ yí i díẹ̀, ó fò. Kọ̀ntírólà iná lásán tó dáa, èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ ní ṣókí-ṣókí ní fọ́ltì kíkún, máa ń jí mótò láì jẹ́ kó sáré, owó rẹ̀ sì kéré sí ti DCC. Ohun tó ń bí ni pé mótò lè máa kùn, ó sì lè gbóná. Èyí tó ń yẹ eré mótò wò fúnra rẹ̀ tó sì ń tún un ṣe, ẹ má fi fún ẹ́ńjìnnì tí mótò rẹ̀ kò ní irin nínú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní coreless. Ó lè jó o. Ẹ wo ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá. Fún ẹ́ńjìnnì kan àti ojú irin kan, ibi tí èmi yóò dúró sí nìyí.

DCC kò wulẹ̀ tún irin ìdọ̀tí ṣe. Kódà ó ń kórìíra rẹ̀ jù, nítorí àṣẹ pẹ̀lú iná jọ ń gba orí irin kan náà ni. Ohun tó fi dára ni pé ẹ lè kọ eré sínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò díkódà (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ DCC) wà nínú 14xx yín. Àwọn ti àtijọ́ kò ní, wáyà lẹ ó jó. Bí ẹ bá ti fi díkódà sí i, ẹ sọ CV3 àti CV4 (CV ni àwọn ètò onínọ́ńbà inú díkódà: 3 ń darí ìgbéra, 4 ń darí ìdúró) di 0 kí ẹ tó wọn ohunkóhun, kí ó lè jẹ́ eré gan-an lẹ ń rí. Ẹ gbé CV2, ti iná ìbẹ̀rẹ̀, sókè díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi máa rákò ní ìgbésẹ̀ eré kìíní nínú 128. Ẹ wá yí i dé òpin, ẹ dín CV5, ti òpin eré, kù láti 255. Ẹ gbìyànjú 100, ẹ wọn ọ́n, ẹ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí àyíká yóò fi jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 23. Máìlì 40 ni òpin rẹ̀ nìyẹn, ọmọ kankan kò lè sọ ọ́ di Mallard mọ́. CV6, ti eré àárín, ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ ìdajì díẹ̀, kí ìka yín lè ní àyè púpọ̀ ní eré kékeré. Lẹ́yìn èyí ni CV3 àti CV4. Nínú ọ̀pọ̀ díkódà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.9 láti ìdúró dé òpin eré. CV4 ní 40 á mú ọkọ̀ dúró láti máìlì 25 ní nǹkan bíi mítà 1.64, iye tí a ṣírò lókè. CV3 ní 60 bá ìgbéra abúlé mu. Díkódà mìíràn ń ka ẹyọ yẹn lọ́nà tirẹ̀, ìwé rẹ̀ ló máa sọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó máa kọjá ibùdókọ̀, torí inú kọ́nà ni ẹ ti gbọ́dọ̀ pa iná, ọwọ́ yín kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15, kí ẹ máa fi márùn-ún kún un.

Bó bá jẹ́ eré ńlá lọkàn yín fẹ́, tí ẹ kò sì ní yàrá mìíràn, N lè gbà yín. Lórí àyíká kan náà, mítà 5.43 á dúró fún bí mítà 800 dípò 414. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí OO ń gbé fò kọjá máa ń dá N dúró gbagidi, ẹ ó sì ta gbogbo ohun tí ẹ ní. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ torí eré nìkan.

Bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ irin àti wáyà tán tí ó ṣì ń ta gìrì, ẹ ṣọ́ ibi tó ti ń ta á. Bó bá jẹ́ ojú kan náà ní gbogbo ìgbà, irin ibẹ̀ ni. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn lé e kí ó dá yín lójú. Bó bá jẹ́ pé ó ń ta gìrì níbi gbogbo láì ní ètò, wíìlì ṣì dọ̀tí tàbí irin tó ń gba iná kò kàn án dáadáa. Àmọ́ bó bá ń ta gìrì lẹ́ẹ̀kan péré nínú yíyí wíìlì kọ̀ọ̀kan, ní ojú ọ̀pá kan náà, ọ̀pá ti wọ́ tàbí wíìlì ọ̀tún àti tòsì kò dọ́gba mọ́ lórí irin ìdí wọn, tàbí kí eyín jíà kan ti ya. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi twísà tún ṣe lórí tábìlì oúnjẹ. Bí àkókò onígbọ̀wọ́ kò bá tíì pé, ẹ má tú u, ẹ dá a pa dà fún ẹni tó tà á fún yín.